Ibi tí amòfin tuntun ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òfin àyíká lọ́dọ̀ ìjọba

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ẹni tó ń parí ilé-ẹ̀kọ́ òfin, tó fẹ́ràn òfin àyíká, tó sì fẹ́ bá ìjọba ṣiṣẹ́, ibo ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀? Èsì mi kò gùn: ẹ má wá orúkọ "àyíká" lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Àlàyé rẹ̀ ló gùn díẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìjọba sábà máa ń gbà lo amòfin lórí ọ̀rọ̀ àyíká. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀ka òfin inú àjọ tó ń bójú tó àyíká fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ìlànà, tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àṣẹ wò kó tó jáde, tí wọ́n sì ti ń sọ fún àwọn wolé-wolé ibi tí agbára wọn mọ. Ìkejì ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń lọ sílé ẹjọ́. Ní Amẹ́ríkà, EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ní amòfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù, ẹ̀ka kan ní ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ló sábà máa ń gbẹ́jọ́ rò. Ẹ̀ka yẹn ti wà láti ọdún 1909, nígbà tí EPA ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1970. Ìkẹta ni ìjọba ìbílẹ̀: ètò ilẹ̀, ìdọ̀tí, ariwo, ojú àgbàrá. Àwọn tó ń jáde nílé-ẹ̀kọ́ kì í fojú sí ibi kẹta yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tètè gbé fáìlì lé ẹni tuntun lọ́wọ́. Ẹni tó lo ọdún méjì níbẹ̀ lórí ẹjọ́ ìdọ̀tí á ti mọ bí wọ́n ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó lo ọdún méjì ní olú-ilé-iṣẹ́ àjọ ńlá lè má tíì dìde níwájú adájọ́ rí. Bí wọ́n bá fún yín ní méjèèjì, tí ẹ ò sì mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti máa jẹ́ kẹ́ ẹ dá fáìlì gbé.

Kò sí ọ́fíìsì tó ń gbani síṣẹ́ nítorí pé èèyàn fẹ́ràn igbó. Gbogbo lẹ́tà ìwáṣẹ́ ló kún fún ìyẹn, ó sì ti sú ẹni tó ń kà wọ́n. Bí ẹ bá ṣì ní sáà kan tàbí méjì nílé-ẹ̀kọ́, ẹ gba ẹ̀kọ́ òfin tó ń darí bí ìjọba ṣe ń lo agbára, òfin ẹ̀rí, ìlànà ẹjọ́ àti òfin ilẹ̀. Bí àyè kan ṣoṣo ló kù, tó sì jẹ́ pé òfin ẹ̀rí àti ẹ̀kọ́ òfin àyíká kejì ló ń du àyè náà, ẹ mú òfin ẹ̀rí. Òfin àyíká fúnra rẹ̀, ẹ ó kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ó ń yí padà. Ní Amẹ́ríkà, láti 1984 ni kóòtù ti máa ń gba ìtumọ̀ tí àjọ ìjọba bá fún òfin tí kò ṣe kedere, bí ìtumọ̀ náà bá ti bọ́gbọ́n mu. Ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fagi lé e. Amòfin tó ti gbára lé ìtumọ̀ tí àjọ bá ti ṣe tẹ́lẹ̀ ní láti padà sídìí ọ̀rọ̀ inú òfin gan-an, ọ̀rọ̀ kan sí èkejì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀ ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé-iṣẹ́ á pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ le jù, ẹgbẹ́ ará ìlú á pè yín pé ẹ rọ̀ jù. Ní 2007, àwọn ìpínlẹ̀ kan ló fa EPA dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà nítorí pé ó kọ̀ láti fi òfin de èéfín ọkọ̀ tó ń mú ayé gbóná, wọ́n sì borí. Ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 2018 pé ẹgbẹ́ aláìlérè lè pe NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó tú sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ ṣe ilẹ̀ ẹgbẹ́ náà ni epo bàjẹ́. Nítorí náà, nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ retí ìbéèrè yìí: "Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbèjà ìwé àṣẹ tí inú yín kò dùn sí ńkọ́?" Ẹni tó bá ní òun ò ní ṣe é ti jáde nìyẹn. Ẹni tó bá ní ohunkóhun tí ọ̀gá bá wí lòun máa ṣe náà ti jáde. Èsì tí wọ́n ń retí ni pé ẹ ó kọ ìmọ̀ràn yín sílẹ̀ kedere kí ìpinnu tó wáyé, ẹ ó sọ ibi tó ti lè ta ko òfin. Bí ìpinnu náà bá sì bá òfin mu, ẹ ó gbèjà rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yin ìbá ṣe.

Iṣẹ́ gidi wá dà? Ìwé ìkìlọ̀ sí ẹni tó ń ba àyíká jẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú. Ní 1984, adájọ́ Lord Diplock nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to ohun tí kóòtù fi ń wó ìpinnu ìjọba sí mẹ́ta: pé ìjọba ṣe ohun tí òfin kò fún un láṣẹ, pé ìpinnu náà kò bá làákàyè mu rárá, àti pé wọ́n fo ìlànà. Ẹ fi ìdí mẹ́ta yìí yẹ ìwé yín wò kó tó jáde. Abala òfin wo ló fúnni lágbára? Ta ni abala yẹn dárúkọ? Bí kò bá jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i, ìwé tí wọ́n fi gbé agbára náà fún un dà? Ẹ̀yin ha ti gbọ́ tẹnu ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fìyà jẹ? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ kò ní pa á lówe fún yín, ńṣe ló máa fagi lé ìwé yín.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ. Orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́, kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Àṣẹ inú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣeé tẹ̀ lé. "Ẹ dẹ́kun bíba omi jẹ́" kò sọ nǹkan kan, kò sì sí adájọ́ tó máa fìyà jẹ ẹni tó rú àṣẹ tí kò yé èèyàn. "Ẹ dí páìpù tó jáde sódò ní apá àríwá ọgbà yín láàárín ọjọ́ 14" ṣeé wọ̀n: ó dí tàbí kò dí. Ẹ fi ọjọ́ àti wákàtí tí wolé-wolé rí ohun tó rí sí i, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tí wọ́n lè lọ tí wọn ò bá gbà.

Ti sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá di onímọ̀ kẹ́míkà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè ka ìwé láàbù. Mílígíráàmù kan nínú lítà omi kan jẹ́ 1,000 maikirogíráàmù. Ẹni tó bá ṣi àmì méjèèjì (mg àti µg) mú ti ṣìnà ní ìlọ́po 1,000, agbẹjọ́rò kejì kò sì ní fi í sílẹ̀. Bí láàbù bá kọ pé nǹkan kan kéré ju èyí tí ẹ̀rọ wọn lè rí, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Ẹ wo ìwé àṣẹ tí wọ́n fún ilé-iṣẹ́ náà dáadáa: ṣé òdiwọ̀n ọjọ́ kan ló fi lélẹ̀ ni, àbí ìpíndọ́gba oṣù? Igò omi kan tẹ́ ẹ bù lọ́jọ́ kan kò lè dá fìdí ìpíndọ́gba oṣù múlẹ̀.

Àkókò pẹ̀lú. Lábẹ́ ìlànà EPA, omi tí wọ́n bá fẹ́ fi mọ iye afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń jẹ gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ láàárín wákàtí 48. Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ gba ọjọ́ márùn-ún. Wíwọn pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó, kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá bu omi náà, nítorí náà etí odò ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n fẹ́ wá irin nínú rẹ̀ lè pẹ́ tó oṣù mẹ́fà bí wọ́n bá ti fi ásíìdì sí i. Ẹ gbé òǹkà wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó ń sọ ọwọ́ tí ìgò náà ti kọjá: ta ló bù ú, aago mélòó, ta ló gbà á, ibo ló sùn? Bí wákàtí mẹ́rin bá sọnù láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kejì tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún ìwé ìwáṣẹ́, ẹ fi àpẹẹrẹ ohun tẹ́ ẹ ti kọ ránṣẹ́, ojú ìwé márùn-ún sí mẹ́wàá bí wọn ò bá sọ iye. Ó sàn kó jẹ́ lórí agbára àjọ ìjọba kan, kódà kó má jẹ́ ti àyíká, ju kó jẹ́ àròkọ nípa ọjọ́ iwájú ayé. Ẹ yọ orúkọ oníbàárà kúrò, kẹ́ ẹ sì gbàṣẹ. Ẹ má fi èyí tí ọ̀gá ti tún kọ ránṣẹ́; ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló máa ń ní kí èèyàn kọ nǹkan lójú ẹsẹ̀, ìyàtọ̀ á sì hàn. Ìgbanisíṣẹ́ ìjọba a máa falẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọdún kan ṣáájú. Bí ẹ bá rí ìkọ́ṣẹ́ gbà, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wolé-wolé mú yín dání lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì dáhùn ìbéèrè ará ìlú fún ìwé ìjọba. Iṣẹ́ yẹn ń súni, àmọ́ kò sí ohun tó ń tètè kọ́ni bí fáìlì ṣe rí tó o.

Ọ̀rọ̀ ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ tí àjọ ń ṣọ́, ẹ sọ ọ́ jáde kí wọ́n tó béèrè. Ohun tẹ́ ẹ kọ sórí Facebook nípa ilé-iṣẹ́ kan pàtó náà lè mú kí wọ́n ní kẹ́ ẹ yẹra fún ẹjọ́ rẹ̀. Owó oṣù kéré sí ti aládàáni, ẹ ti mọ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà lè bọ́ nínú ìyókù lẹ́yìn ìsanwó oṣooṣù 120 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, bó bá jẹ́ irú gbèsè tí ètò náà gbà. Kó rí i pé ọ́fíìsì ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ òun lọ́dọọdún, kó má dúró di ọdún kẹwàá.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ béèrè fún fáìlì mẹ́ta tí ọ́fíìsì ti pàdánù nílé ẹjọ́. Ẹ kà wọ́n láti ẹ̀yìn wá: ìdájọ́, ẹ̀rí, ìwé ìkìlọ̀, títí dé ojú ìwé tí wolé-wolé fi bírò kọ níbi ìṣẹ̀lẹ̀. Ojú ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ jù, pàápàá ibi tí wọn ò kọ aago sí.