Dókítà wo ni ká mú nígbà tí ara wa ṣì le?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọjà Gbági n'Íbàdàn ni mo ti ń ta aṣọ. Mo jẹ́ ẹni ọdún 44, ọkọ mi jẹ́ 51, àbígbẹ̀yìn wa obìnrin jẹ́ 12. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wá sínú ètò adójútòfò ìlera, wọ́n ní ká mú ilé ìwòsàn kan nínú àwọn tí wọ́n kọ fún wa. A ò ní dókítà rí. Bí ara bá gbóná, kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé la máa ń lọ. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó dáa? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa lọ rí dókítà? Bàbá ọkọ mi ò wọ ọsibítù rí, títí tí wọ́n fi ṣubú lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì kú kílẹ̀ tó mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ sí ni màá ti bẹ̀rẹ̀. N kò lè sọ ohun tó pa bàbá ọkọ yín, torí n kò yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn bá ṣubú báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tí àwa dókítà kọ́kọ́ máa ń rò. Kì í sábà dunni. Ó lè wà lára ẹni fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa ba ọkàn, ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí onítọ̀hún sì máa jẹun, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ká ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọkọ yín jẹ́ 118/76 lọ́dún yìí, ó di 128/82 lọ́dún tó ń bọ̀, ó di 138/88 lọ́dún kẹta. Bí dókítà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá wò wọ́n, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní kò tíì burú, torí láti 140/90 la ti sábà máa ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àmọ́ dókítà kan ṣoṣo tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú fáìlì á rí i pé ó ń gòkè, á sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ iyọ̀, magí, ọtí àti ìrìn rírìn kí ọ̀rọ̀ tó kan oògùn. Ìdí rèé tí ẹni tí ara rẹ̀ le fi nílò dókítà: kó lè mọ bí ara yín ṣe rí nígbà tó dáa.

Nítorí náà, ẹ má tìtorí ilé tó ga mú ọsibítù. Ẹ mú èyí tí ẹ lè dé láìwọ ọkọ̀ méjì. Ibi tó jìnnà, a kì í lọ síbẹ̀ tí nǹkan kan ò bá ṣe wá. Ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá dókítà kan náà lẹ ó máa rí, àbí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó bóyá gbogbo ẹni tó wọlé ni wọ́n ń wọn ìfúnpá rẹ̀. Ẹ lè béèrè bóyá ìwé àṣẹ dókítà ṣì múlẹ̀, torí ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àwa dókítà.

Èyí tí mo kà sí jù ni pé, bí ẹ bá ní ara yín gbóná, tí wọ́n sì kọ oògùn ibà àti taifọ́ọ̀dù pa pọ̀ láìgba ẹ̀jẹ̀ rárá, ẹ wá ibòmíràn. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣe kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Dókítà tí kò lè dúró fún ìyẹn kò ní dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá sì mú ibì kan tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ètò náà gbà yín láyè láti pààrọ̀.

Àyẹ̀wò kò ní láti pọ̀ rẹpẹtẹ. Fún ẹ̀yin méjèèjì, ìfúnpá, ìtọ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ń ka mg/dl, bí ṣúgà òwúrọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun bá jẹ́ 126 sókè lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni. 100 sí 125 jẹ́ ìkìlọ̀, ó sì ṣeé dá padà. Kí wọ́n wo ojú yín pẹ̀lú. Àrùn ojú kan tó ń jẹ́ glaucoma wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti sábà máa ń jẹ ìríran wọlé, kì í sì í dunni, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ti jẹ lọ kì í padà. Kí ọkọ yín béèrè nípa prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, pàápàá bí bàbá tàbí ọmọ ìyá wọn kan bá ti ní jẹjẹrẹ rẹ̀.

Ní tiyín, ìyá wa, kí wọ́n yẹ ẹnu ilé ọmọ yín wò, kí ẹ sì bi wọ́n nípa àyẹ̀wò ọmú. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì máa ń gbà kó tó di jẹjẹrẹ, nítorí náà àyè wà láti dá a dúró. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kòkòrò náà láti ẹni ọdún 30, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini. Ẹ ní kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì obìnrin ṣe é fún yín. Ti àbígbẹ̀yìn yín rọrùn jù: láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó ti àgbà kan ní ìdílé ọkọ yín. Ẹ bi wọ́n bí bàbá ṣe ṣubú gan-an: ṣé ẹnu wọ́n yí? Ṣé apá kan rọ? Ṣé wọ́n di àyà mú? Wọ́n lè sọ pé ayé ló ṣe é. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ṣáà gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, àgbo náà ńkọ́, ẹ má fi pamọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ yẹ ṣúgà wò, ẹ má jẹ nǹkan kan láti alẹ́. Omi lásán nìkan ni kí ẹ mu.