Inventor ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọdún 6 ni mo fi ya àwòrán ẹ̀rọ lórí SolidWorks, sọ́fítíwià tí a fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà. Inventor, sọ́fítíwià mìíràn fún irú iṣẹ́ kan náà, ni wọ́n ń lò níléeṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ọwọ́ mi ń falẹ̀, ojú sì ń tì mí. Kí ni kí n ṣe? (Ayàwòrán, Ọ̀tà)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó ṣe èmi náà rí. Ọwọ́ ló ń dààmú ẹ, kì í ṣe ọpọlọ. Tí o bá tẹ bọ́tìnì àárín mouse mọ́lẹ̀ lórí SolidWorks, àwòrán á yí. Lórí Inventor, ṣe ló máa sún. Di Shift mú pẹ̀lú ẹ̀ kó tó yí. Ohun tí o mọ̀ sí mate, ìyẹn àṣẹ tí a fi ń so ẹ̀yà kan mọ́ èkejì, constraint ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Fáìlì .ipj, ìyẹn fáìlì project ti Inventor, ni kí o ṣọ́ jù, torí òun ló ń sọ ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà. Lọ́jọ́ kan tí mi ò yàn án, mo ṣí àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ìdajì ẹ̀yà ẹ̀ ni Inventor ò rí. Ọkàn mi já!

Tí wọ́n bá fi STEP, irú fáìlì tí oríṣiríṣi sọ́fítíwià àwòrán lè ṣí, ránṣẹ́ sí ẹ, ìrísí nìkan ló ń gbé wá, kì í gbé ìgbésẹ̀ tí wọ́n fi yà á. Èyí tó bá máa nílò àtúnṣe lemọ́lemọ́, tún un yà. Kí o sì bẹ ọ̀gá ẹ fún ọ̀sẹ̀ 2, kó tó gbé iṣẹ́ kánjúkánjú lé ẹ lọ́wọ́.