Ìrun onírìn-àjò afẹ́ ní Lamu

Ìbéèrè: Asalamu alaykum, Alfa wa. Ìbàdàn ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. A fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́fà ní Lamu, ìlú àtijọ́ àwọn Swahili ní Kẹ́ńyà, ká wo ìlú, ká sì lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Ṣé a lè gé ìrun kúrú nígbà tó jẹ́ pé afẹ́ la bá lọ? Níbo la máa kọjú sí? Ṣé a lè ṣe tàyámọ́mù, ìyẹn ká fi iyẹ̀pẹ̀ dípò omi àlùwàlá, létí òkun, torí iyọ̀ inú omi náà?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salam. Ẹ gé e lójú ọ̀nà, ẹ má gé e ní Lamu.

Afẹ́ kò ba ìgékúrú jẹ́, bí kì í bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lẹ ń lọ dá. Bí ẹ bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ní Ìbàdàn, Àílà, Alásárì àti Ìṣáì di ràkáà méjì-méjì; Àsùbáà àti Mọ̀gàríbì wà bí wọ́n ṣe wà. Méjì lẹ máa kí ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, bí ará Ìkẹjà tilẹ̀ ń kí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Iye ọjọ́ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń tẹ̀lé Màálíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn, ẹni tó bá gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko síbì kan, tí ogún ìrun wà nínú rẹ̀, ti di ará ibẹ̀. Ẹ kì í ka ọjọ́ tí ẹ gúnlẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó dé lọ́sàn-án Mọ́ńdè tó sì ń lọ láàárọ̀ Fúráídè, ọjọ́ mẹ́ta péré ló ní. Kó máa gé e. Tiyín kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ kí i pé láti ìrun àkọ́kọ́ tí ẹ bá kí níbẹ̀. Ká ṣí láti Lamu lọ sí abúlé Shela, tí ẹsẹ̀ lè rìn dé, kò sọ yín di onírìn-àjò padà. Bí ẹ bá pín in, ọjọ́ mẹ́ta ní Mombasa, mẹ́ta ní Lamu, ẹ máa gé e níbi méjèèjì, torí àwọn ìlú náà jìnnà síra. Ṣùgbọ́n bí Lamu nìkan lẹ bá ti lo ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Jímọ̀ náà ti di dandan lórí ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ béèrè «msikiti wa ijumaa», ìyẹn mọ́sálásí Jímọ̀ lédè Swahili.

Ibi tí àwọn ará ilé wa ti máa ń ṣìnà ni kíbílà, ìhà Mẹ́kà tí à ń kọjú sí. Ìlà-oòrùn díẹ̀ sí àríwá là ń kọjú sí nílé, ìyẹn ló ti mọ́ wa lára. Ní Lamu, Mẹ́kà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá gan-an. Ẹ dúró ní etídò ìlú láàárọ̀, ẹ kọjú sí oòrùn tó ń yọ lókè erékùṣù Manda: ọwọ́ òsì yín ni kíbílà. Ẹni tó bá kí i sí ìlà-oòrùn láìbéèrè, nínú ìlú tí mọ́sálásí kún, kó tún un kí.

Ẹ ṣọ́ aago pẹ̀lú. Àwọn Swahili ń ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́: «saa saba» lọ́sàn-án ni aago kan, kì í ṣe aago méje. Ìlànà Ṣáfíì ni wọ́n ń tẹ̀lé, wọ́n sì máa ń ka àdúrà kúnùtì sókè ní Àsùbáà lẹ́yìn rùkúù (ìtẹ̀ba). Ẹ dúró pẹ̀lú lèmọ́mù, ẹ má sáré forí kanlẹ̀.

Tàyámọ́mù kò tọ́ síbi tí omi wà. Wọ́n bi Ànábì léèrè nípa omi òkun, ó ní: omi rẹ̀ mọ́, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ halaali. Iyọ̀ kò ní kó má ṣe é ṣe àlùwàlá. Ẹ kọ́kọ́ fọ iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti ìpara tó nípọn, kí omi lè kan ara. Ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ ọkùnrin gbọ́dọ̀ bo orúnkún. Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara obìnrin nígbà tó bá tutù kò bò ó tó, kó wọ èyí tó tú, tó sì nípọn.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru ẹrù ní òpópónà tóóró ìlú náà, ìgbẹ́ rẹ̀ sì wà káàkiri. Bó bá kan bàtà, ẹ fi bàtà nu ilẹ̀ dáadáa, ó tó. Bó bá kan aṣọ, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kírun.