Èsì: Ohun èlò ìránṣọ méjì tí ẹ bá nínú àpótí àtijọ́

Ẹ kú ìtọ́jú ohun àtijọ́. Ẹ béèrè ohun tí igi olórí ribiti tó dà bí olú àti kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín yẹn wà fún. Igi náà ni wọ́n máa ń kì bọ inú ìbọ̀sẹ̀ tó lu, kí ojú ihò lè tẹ́ sórí rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ sì lè máa hun òwú kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún láìgún apá kejì ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọn. Bí orí rẹ̀ bá ṣì ń dán láìsí ibi tó sán, ó wúlò pátápátá. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má ṣe rì í sómi. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lò ó dípò kí ẹ kàn gbé e sórí pẹpẹ.

Kẹ̀kẹ́ eléyín ni a fi ń tọ ìlà bébà àwòṣe, ìyẹn bébà tí a ya ìrísí aṣọ tí a fẹ́ rán sí, kí ìlà náà lè hàn lára aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ yí i lórí àkísà: bí eyín rẹ̀ bá ń fa fọ́nrán òwú yọ, ẹ má ṣe lò ó lórí sílíkì.