Iwájú ni kí o ti kọ́ ọ wá, má gé e láti ẹ̀yìn

Àbúrò, o ní láti àná ni kóòdù rẹ ti ń yẹ gbogbo nọ́ńbà wò títí dé mílíọ̀nù 100, pé o ń wá àwọn práìmù (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí 1 àti ara rẹ̀ nìkan lè pín láìṣẹ́kù) tí èèyàn á gé òǹkà ìparí wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èyí tó kù á ṣì máa jẹ́ práìmù. Pa kóòdù yẹn. Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ ti jó bí ààrò lórí irú rẹ̀ rí, iná sì lọ kó tó parí.

Mú 2, 3, 5 àti 7, kí o máa fi òǹkà kan kún ìdí wọn: 1, 3, 7 tàbí 9 nìkan, torí 2 tàbí 5 á pín gbogbo ìyókù. Èyí tó bá jẹ́ práìmù, tọ́jú ẹ̀ kí o tún fi kún un. Èyí tí kò bá jẹ́ ẹ, dà á nù tọmọtọmọ. Nọ́ńbà 332 péré ni wàá yẹ̀ wò lẹ́yìn mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn.

Níbi tó ti wá dùn, 3 ló ń ṣẹjọ́ ibẹ̀. Bí o bá fi 3 tàbí 9 kún ìdí nọ́ńbà, àṣẹ́kù rẹ̀ nígbà tí a bá fi 3 pín in kò yí padà. 1 àti 7 ló ń fi ẹyọ kan kún un. 2 àti 5 ti ní àṣẹ́kù 2 tẹ́lẹ̀, nítorí náà 1 tàbí 7 kan ṣoṣo lẹ́yìn wọn, àṣẹ́kù á di 0, 3 á pín in, ó parí. Wo 29399999: 3 àti 9 nìkan ló tẹ̀ lé 2. Èyí tó fi 7 bẹ̀rẹ̀ lè gba ẹyọ kan, kò lè gba méjì. Èyí tó fi 3 bẹ̀rẹ̀ ń gba méjì, bíi 37337999, àmọ́ kíákíá ló gbọ́dọ̀ gba àkọ́kọ́, torí 33 àti 39 kì í ṣe práìmù.

Bí òǹkà ṣe ń pọ̀ sí i, iye tí wàá rí ni 4, 9, 14, 16, 15, 12, 8, 5. Lórí òǹkà mẹ́sàn-án, kò sí ẹyọ kan. 83 ni gbogbo wọn, 73939133 ni baba wọn: 7393913, 739391, 73939, 7393, 739, 73, 7. Bí tìrẹ bá ju 83 lọ, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kóòdù rẹ ń ka 1 sí práìmù. Àwọn kan á ní kí o lo Miller–Rabin, ọ̀nà tó ń yára dán nọ́ńbà ńlá wò bóyá práìmù ni. Má dá wọn lóhùn, kí o kàn máa fi àwọn nọ́ńbà tó kéré sí i pín in títí dé 27191, ó tó.

Ti gígé láti iwájú ló nílò Miller–Rabin. Àwọn yẹn jẹ́ 4260, èyí tó tóbi jù sì ni 357686312646216567629137. Má jẹ́ kí 0 wọ inú wọn o.