Ẹ Bi Màmá: "Oṣù mẹ́rin, àtẹ́wọ́ ni ọmọ mi ṣì ń pa"

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn Abuja, àti ẹ̀yin tó wà ní Kaduna, Minna, Jos, ẹ fi òrí para dáadáa o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé mẹ́rin nínú ẹ̀ ló dá lórí píánò ọmọdé, bí ẹni pé ẹ jọ ṣèpàdé kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Kò burú, ọ̀rọ̀ píánò náà la máa sọ lónìí.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa, ló kọ́kọ́ kọ̀wé: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, la mú lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní píánò ní pálọ̀ ẹ̀ ní Life Camp. Gbogbo Sátidé ni, ìṣẹ́jú 30, oṣooṣù la sì ń sanwó. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí, ohun tí mo ń rí ò ju kó máa pàtẹ́wọ́, kó máa ka nọ́ńbà ìka, kó máa tẹ ohun kan náà lọ kó tún tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ọmọ aládùúgbò wa tí ò lọ síbì kankan, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń dúró sí, ó ti ń lu orin ìyìn fún gbogbo ìjọ. Dádì wọn ní wọ́n kàn ń jẹ wá lówó ni. Tí mo bá bi àǹtí yẹn, á ní kí n ṣe sùúrù. Ṣé kí n yọ ọmọ mi ni?

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò nǹkan kan. Oṣù mẹ́rin, ká ní Sátidé 16, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ wákàtí 8. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Sẹkitéríàtì, ṣebí wákàtí 8 náà nìyẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo lọmọ yín tíì lò lọ́dọ̀ àǹtí yẹn, wọ́n kàn gé e wẹ́wẹ́ tí wọ́n pín in sí oṣù mẹ́rin ni. Ẹni tó bá kọ́ ìránṣọ fún ọjọ́ kan, ṣé ẹ máa gbé agbádá ọkọ yín fún un?

Ohun tí mo wá ń wá nínú lẹ́tà yín tí mi ò rí ni pé, láti Sọ́ńdè dé Fúráìdè, kí lọmọ ń ṣe? Ẹ ò tiẹ̀ sọ bóyá kíbọ́ọ̀dù wà nílé.

Mi ò bá yín wí o, torí pé èmi náà jẹ̀bi ẹ̀ rí. Nígbà tá a ṣì wà ní Kaduna, mo gba bùrọ̀dá kan fún àkọ́bí mi, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ ti ń lu orin, mo pe gbogbo àwọn ará ilé wá wò ó, díẹ̀ ló kù kí n lọ ṣe ìdúpẹ́. Kí ni bùrọ̀dá ṣe? Ó lẹ bébà kéékèèké mọ́ orí kíbọ́ọ̀dù, ó kọ nọ́ńbà sí i, ọmọ kàn ń tẹ nọ́ńbà bí ẹni tó ń pe fóònù. Ìka méjì ló ń lò, èyí tá a fi ń fá ọbẹ̀ àti èyí tó gùn jù, atáńpàkò ẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ níta kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tí wọn ò pè sípàdé. Nígbà tí ooru mú, gọ́ọ̀mù yọ́, bébà ṣí kúrò, ọmọ ò mọ ibi tó kàn mọ́. Nígbà tá a kó dé Abuja tá a wá rí obìnrin kan tó mọṣẹ́, odindi ọdún kan ló fi yọ àṣà yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ sunkún, èmi náà sunkún owó mi.

Nítorí náà, àtẹ́wọ́ tẹ́ ẹ̀ ń wò bí eré yẹn, àsìkò lọmọ ń kọ́. Nóòtì, ìyẹn ohùn orin kọ̀ọ̀kan, kan wà tó ń gba ìlù kan, òmíràn ń gba méjì, òmíràn ń gba mẹ́rin, tí ara ọmọ ò bá tíì mọ̀ ọ́n, ìka ẹ̀ ò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Àwa tá a gbọ́ ìyáàlù dàgbà, ṣebí a mọ̀ pé tí onílù bá ti já àsìkò, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Nọ́ńbà ìka náà, atáńpàkò ni 1, ìka tó kéré jù ni 5, bó ṣe rí lọ́tùn-ún ló rí lósì. Ẹ wò ó, láti doh ìsàlẹ̀ dé doh òkè, nóòtì mẹ́jọ ni, ìka márùn-ún la sì ní. Ọwọ́ ọ̀tún á lo 1, 2, 3, atáńpàkò á wá gba abẹ́ ìka yòókù kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5. Atáńpàkò tí wọn ò bá kọ́ ní kékeré láti gba abẹ́ kọjá, ìgbà tí orin bá ń sáré ló máa fẹsẹ̀ kọ.

Ọmọ aládùúgbò yín ńkọ́? Ẹ má bú u o, etí ẹ̀ dáa, ẹ̀bùn ni. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó ń lù bẹ́ẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń mú doh ló mọ́ wọn lọ́wọ́, tí olórí akọrin bá gbé orin sókè, bọ́tìnnì transpose tó ń bá èèyàn gbé ohùn sókè ni wọ́n á tẹ̀. Ẹ gbé wọn sídìí píánò onígi tí ò ní bọ́tìnnì yẹn, kẹ́ ẹ wá wo ojú wọn. Fela Sowande, olórin ńlá wa tí wọ́n bí ní 1905, ọmọ kóyà ni ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, ọ̀dọ̀ Ekundayo Phillips tó ń lu ọ̀gáàn níbẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ó kàwé orin dé ibi tó ga, òun náà ló tún ń lu jáàsì káàkiri London. Ìwé ò di etí ẹ̀.

Nílé báyìí, ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó tó. Ní oṣù mẹ́rin yẹn ì bá ti jẹ́ wákàtí 20 lórí 8 ti àǹtí. Ẹ má kàn pariwo láti kíṣìnnì pé "lọ ṣe práktíìsì", ẹ jókòó tì í, kódà tẹ́ ẹ ò bá mọ nǹkan kan nínú ẹ̀. Àsìkò agbálùmọ̀ la wà, ẹ fi ọ̀kan sí i lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kó dì í mú fẹ́rẹ́, bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe ká kò yẹn ló ṣe yẹ kó wà lórí píánò (tó bá jẹ ẹ́ tán, kó fọwọ́ o, oje ẹ̀ ò ṣeé nù lórí kíì, àwọn funfun àti dúdú tá à ń tẹ̀ yẹn). Ẹ gé èékánná ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ lórí kíì, ó ti gùn jù nìyẹn, ìka á sì máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọwọ́ òsì nìkan. Kó tó wá pa wọ́n pọ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù, tó bá ṣì í, ẹ má jẹ́ kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo ọmọ ló ń ṣe é, ìbẹ̀rẹ̀ á wá dán bí títì Maitama, ìparí á rí gbágungbàgun bí ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí. Ibi tó ti ṣì gan-an ni kó tún ṣe, kò ju nóòtì mẹ́rin márùn-ún lọ.

Ṣùgbọ́n àǹtí náà jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀, "ẹ ṣe sùúrù" nìkan ò tó. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ jókòó sí pálọ̀ ẹ̀ ní Sátidé kan, kẹ́ ẹ sì pa fóònù yín. Ṣé òun fúnra ẹ̀ ń lù ú kọ́mọ gbọ́? Ṣé ọwọ́ ọmọ ló ń wò àbí Wáásáàpù? Ṣé ó ní ìwé tó ń tẹ̀ lé, ṣé ó ń kọ iṣẹ́ ilé sílẹ̀ kọ́mọ tó máa lọ? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ di àǹtí yẹn mú, irú wọn ò pọ̀. Tó bá jẹ́ pé dòdò ló ń dín tó ń ké "tún un ṣe!" láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ẹ palẹ̀ ọmọ yín mọ́.

Bàbá kan ní Kubwa kọ̀wé: Kíbọ́ọ̀dù kíì 61 tí àbúrò mi fún wa ló wà nílé. Tíṣà ọmọ mi ní ká lọ ra èyí tó ní kíì 88 tó sì wúwo lọ́wọ́. Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré o, Màmá. Ṣé dandan ni?

Dádì, kì í ṣe lónìí. Fún bí ọdún kan àkọ́kọ́, orin tí wọ́n máa fún ọmọ ò lè kọjá àárín kíbọ́ọ̀dù, 61 gbà á. Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe: ẹ tẹ kíì kan jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ tún tẹ òun náà gan-an pẹ̀lú agbára. Tí ariwo ẹ̀ bá rí bákan náà, ẹ wo inú bọ́tìnnì ẹ̀ bóyá wọ́n pa "touch" ni, ẹ tàn án. Tó bá ṣì rí bákan náà, ohun ìṣeré lẹ ní, ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá.

Ìdí ni pé orúkọ píánò fúnra ẹ̀, èdè Ítálì ni, pianoforte, jẹ́jẹ́ àti kíkankíkan ló túmọ̀ sí. Cristofori tó ṣe é ní Florence ní nǹkan bí 1700, ohun tó ń bí i nínú lára dùùrù ayé ìgbà yẹn tí wọ́n ń pè ní harpsichord nìyẹn, bó o bá gbá a, bó o rọra tẹ̀ ẹ́, ohùn kan náà ni. Ló bá fi òòlù kéékèèké sẹ́yìn kíì kọ̀ọ̀kan, kíì á ju òòlù, òòlù á lu wáyà. Ìwúwo òòlù yẹn ni tíṣà yín ń wá. Ọmọ tó bá fi ọdún mẹ́ta tẹ kíbọ́ọ̀dù tó fúyẹ́, ọjọ́ tó bá bá píánò gidi pàdé, ìka ẹ̀ ò ní lágbára, á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ irọ̀rí.

Nítorí náà ẹ máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ máa rà, ẹ bẹ tíṣà kó tẹ̀ lé yín, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo kíì 88 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, funfun 52, dúdú 36, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi orin ẹyọ kan tó lù sí yín létí rẹ́ yín jẹ. Ẹ rí i pé adápítọ̀ tó bá a dé gan-an ló wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kì í bọ ojú jẹnẹrétọ̀ láìsí sìtàbìláísà.

Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ rèé: bọ́mọ bá jókòó, kí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú kíì. Ẹ fi tìmùtìmù lé orí àga, kẹ́ ẹ gbé àpótí ìdáná sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò bá kanlẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń fì dirodiro, gbogbo ara ẹ̀ ló máa ń mì.

Láti Lokogoma: Màmá, a rìnrìn àjò, ọmọ ò lọ síbi ẹ̀kọ́ píánò ní Sátidé méjì, àǹtí gba owó oṣù pé. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ó dáa, àfi tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àyè Sátidé yín yẹn, kò lè tà á fún ẹlòmíì ní ìdákúrekú, ó dúró dè yín ni. Ẹ jọ kọ ọ́ sórí Wáásáàpù: tẹ́ ẹ bá sọ fún un lọ́jọ́ kan ṣáájú, á wá ọjọ́ mìíràn fún ọmọ, tẹ́ ẹ bá dákẹ́, owó lọ. Tóun náà bá rìnrìn àjò, kó dá a padà. Ó tán.

Ìyá àgbà kan ní Minna ló kọ èyí: Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni tíṣà ẹ̀ fẹ́ fi sí ìdánwò Grade 1 ti òyìnbó. Ṣé ó pọn dandan, ṣé a sì máa gbé e lọ sí Èkó ni?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, Màmá wa. ABRSM ni wọ́n máa fẹ́ fi sí, àjọ ìdánwò orin kan ní London tó ti wà láti 1889, Grade 1 dé 8 ló ní, èyí tó rọrùn ju 1 lọ náà tún wà níwájú ẹ̀. Kò dandan. Ọmọ tí wọn ò fi sí ìdánwò kankan lè di ọ̀gá. Àmọ́ ó ń fún ọmọ ní nǹkan tó ń lé bá, ó sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá tíṣà ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí ò mọ̀ yín rí ló máa gbọ́ ọ. 150 ni máàkì ẹ̀, 100 ló fi ń yege, 120 ni wọ́n ń pè ní Merit, 130 ni Distinction.

Ti Èkó yẹn, láti 2020 wọ́n ti ní èyí tí wọ́n ń pè ní Performance Grade, ọmọ á lu orin mẹ́rin síwájú fóònù, ẹ ó fi fídíò náà ránṣẹ́. Kò sí ìrìnàjò. Ṣùgbọ́n láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹrin, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá fídíò dúró, nítorí náà àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó jí. Ohun kan tí mi ò fẹ́ ni kí tíṣà fi odindi ọdún gún orin mẹ́rin yẹn sí i lórí kó má kọ́ nǹkan mìíràn. Mo ti rí ọmọ tó gba Distinction, tí wọ́n ní kó lu orin ọjọ́ìbí fún àbúrò ẹ̀, tó ń wojú ìyá ẹ̀. Ẹ ní kó máa kọ́ orin tuntun kan lóṣooṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tẹ́yin fúnra yín fẹ́ràn.

Tí wọ́n bá sì ti ká fídíò náà tán, Màmá wa, ẹ fi tèmi ránṣẹ́ sí mi jàre, mo fẹ́ gbọ́ ọ.