Nọ́ńbà 2 ló tàn wá jẹ

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ ní ọmọ yín kì í mọ ìgbà tó yẹ kó kọ "òótọ́" tàbí "irọ́" sí iṣẹ́ àṣetiléwá áljẹ́bírà, àti pé ìfohunpènìyàn (kí a máa sọ̀rọ̀ ohun tí kì í ṣe èèyàn bí ẹni pé èèyàn ni) náà ń dà á láàmú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti kan ilé mi rí, ìdí nìyí tí mo fi dá sí i.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà ní JSS 1, wọ́n bi í pé: x + x = x² (ìyẹn x lọ́nà x), òótọ́ ni àbí irọ́? Èmi bàbá rẹ̀ ni mo ní kó fi 2 rọ́pò x. 2 + 2 jẹ́ 4, 2 lọ́nà 2 náà jẹ́ 4. Mo ní kó kọ òótọ́. Tíṣà fi bírò pupa fagi lé e. Nígbà tó dé, kò bínú, ó kàn tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́." Ó dùn mí dọ́kàn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a kó agolo mílíìkì àti ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ní iye hóró tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan ni x. Agolo méjì ni x + x, iye yòówù kó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ x², iye agolo gbọ́dọ̀ bá iye hóró inú ọ̀kọ̀ọ̀kan dọ́gba. A sọ hóró 3 sínú agolo kọ̀ọ̀kan: agolo méjì jẹ́ 6, agolo mẹ́ta jẹ́ 9. Ó bàjẹ́ nìyẹn. Orí 0 àti 2 nìkan ni wọ́n ti bára mu. Nínú irú ìbéèrè yìí, "òótọ́" túmọ̀ sí pé kò sí nọ́ńbà tó lè bà á jẹ́. Bí ẹyọ kan péré bá ti bà á jẹ́, irọ́ ni. Kí ọmọ yín má fi 0, 1 àti 2 nìkan dán an wò, kó fi 3 tàbí 5 sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì bára mu, ẹ ní kó sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Mo wá ní, "2 ló tàn wá jẹ." Ọmọ ní, "Ṣé nọ́ńbà máa ń tan èèyàn jẹ ni?" Ibẹ̀ ni ìfohunpènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí yé e. Ọ̀nà kan náà la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wá ohun tó lè bà á jẹ́. "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀": ẹranko ni wọ́n sọ òwe dà, kì í ṣe èèyàn, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ (pípe nǹkan kan ní nǹkan mìíràn) nìyẹn. "Afẹ́fẹ́ ń sáré": ẹṣin ń sáré, mọ́tò ń sáré, èmi ò ní fi kọ́ ọmọ. Àmọ́ "ojú ọ̀run ń sunkún" ńkọ́? Ewúrẹ́ a máa ké, ajá a máa gbó, èèyàn ló ń sunkún. Ìfohunpènìyàn pọ́ńbélé ni. (Ẹ má tíì fi "ebi ń pa mí" bẹ̀rẹ̀, ó ti mọ́ wa lẹ́nu jù.)

Ẹ jẹ́ kó gbé (x + 3)² = x² + 9 wò lálẹ́ òní. 0 á ní òótọ́ ni. Kó wá fi 1 sí i: 16 níhìn-ín, 10 lọ́hùn-ún.